Iṣẹ́ wíwọn gáàsì inú òkúta shale: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á torí ó máa gùn díẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, kì í ṣe gbogbo ayé ló ń wá a, kò dà bí ilé oúnjẹ tàbí ṣọ́ọ̀bù aṣọ, àmọ́ ẹni tó bá gbé e fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ṣe, owó ńlá ló máa bá a lọ. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kámpáńnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àwọn àkọ́kọ́ bà wá nínú jẹ́, àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì ṣe é débi tí mo fi ní mo gbọ́dọ̀ kọ nǹkan nípa ẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún ni kí wọ́n wọn gáàsì tó ń jáde lára òkúta shale tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé látinú kànga, àwa tá a wà nídìí ẹ̀ ń pè é ní desorption. Mi ò ní dárúkọ kámpáńnì kankan nínú méjèèjì, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni bí iṣẹ́ tó dáa ṣe rí àti bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀ tí wọ́n bá gbé e dé iwájú yín.

Pennsylvania ni mo ti ń ṣiṣẹ́, jiọ́lọ́jíìsì orí rígì ni mí, ìyẹn ẹni tó ń yẹ òkúta wò níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga. Marcellus, ìpele òkúta shale kan tó wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, là ń gbẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ agbègbè yẹn mọ̀ pé kànga Renz tí kámpáńnì Range Resources ṣe ní Washington County lọ́dún 2004 ló ṣílẹ̀kùn Marcellus, àtìgbà yẹn ni tírélà ti ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ láàárín oko àgbàdo àti ilé màlúù níbẹ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò sí nídìí ẹ̀, ọ̀nà méjì ni gáàsì gbà wà nínú shale. Ọ̀kan wà lófìfo nínú àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára òkúta, ojú lásán ò lè rí àwọn ihò yẹn. Èkejì lẹ̀ mọ́ ara àwọn nǹkan abẹ̀mí tó ti kú tó sì jẹrà mọ́ inú ẹrẹ̀ kí ẹrẹ̀ yẹn tó di òkúta, fún Marcellus ìyẹn ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 390 ọdún sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ti fi igi dáná rí ẹ máa mọ ohun tí mò ń sọ, èéfín tó kún inú ilé ìdáná, tẹ́ ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn pẹ́n ó ti bá ẹnu ọ̀nà jáde, àmọ́ èyí tó ti lẹ̀ mọ́ aṣọ yín, ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà, ẹ máa wọ̀ ọ́ padà wálé, á ṣì máa rùn díẹ̀díẹ̀ lára yín. Báyẹn gẹ́lẹ́ ni gáàsì inú shale, èyí tó wà lófìfo ń sáré jáde, èyí tó lẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù.

Iṣẹ́ àwọn tá a pè ni pé tá a bá ti gé core, ìyẹn òpó òkúta gígùn tá a fà sókè látìsàlẹ̀ kànga, wọ́n á mú bíi fíìtì kan níbẹ̀, wọ́n á nu ẹrẹ̀ kúrò lára ẹ̀ kíákíá, wọ́n á tì í sínú agolo irin tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà jáde, kánísítà nìyẹn, wọ́n á gbé kánísítà sínú omi gbígbóná tí ooru ẹ̀ bá ti abẹ́ ilẹ̀ dọ́gba, wọ́n á wá máa ṣí fáfù ẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà kí gáàsì tó ti kó jọ lè wọnú ìgò gígùn kan tí wọ́n fàlà sí lára, omi wà nínú ìgò yẹn, gáàsì á ti omi sísàlẹ̀, wọ́n á ka iye tó tì. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń kà á, lẹ́yìn náà ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó di wákàtí, ó di ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Tí gáàsì ò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde mọ́, wọ́n á gbé òkúta yẹn sínú ẹ̀rọ tó ní ọmọ irin róbótó nínú, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́ láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí wọ́n lè wọn èyí tó ṣì há sínú ẹ̀.

Ìyẹn jẹ́ méjì: èyí tá a wọ̀n nínú kánísítà, àti èyí tó há tá a lọ òkúta kó tó jáde. Ẹ̀kẹta ló ń dá wàhálà sílẹ̀, èyí tó ti sá lọ kí òkúta tó dé ọwọ́ wa. Ẹ rò ó wò, òkúta wà ní bíi 7,000 fíìtì, ẹrù omi ẹrẹ̀ tá a dà sínú kànga nígbà tá à ń gbẹ́ ẹ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á bọ̀, bó ṣe ń gòkè lẹ́rù yẹn ń fúyẹ́, gáàsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bí ìgbà téèyàn ṣí ìdérí mínírà tó ti gbọ̀n nínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó rí gáàsì yẹn, kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n, ó ti bá omi ẹrẹ̀ lọ. Ìṣirò la máa fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n ṣàkíyèsí ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá ya àwòrán àpapọ̀ gáàsì tó ti jáde sí square root àkókò (nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa fi lọ́po ara ẹ̀ kó tó fún yín ní àkókò yẹn), ó máa ń tò bí okùn tí wọ́n nà tantan, ẹ lè fa ìlà yẹn padà sẹ́yìn títí dé ìgbà tí gáàsì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ibi tó bá já sí nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé omi ẹrẹ̀ la fi gbẹ́ kànga, wọ́n sábà máa ń gbà pé ìgbà tí core dé agbede méjì ọ̀nà ló bẹ̀rẹ̀.

Ìdí kànga gáàsì kọ́ ni ìmọ̀ yìí ti wá o, ìdí èédú ni. Àwọn awakùsà ló ń kú. Ní November ọdún 1968, kùsà èédú ní Farmington, West Virginia bú gbàù, 78 èèyàn ló kú, gáàsì methane ló fà á, West Virginia sì bá ìpínlẹ̀ Pennsylvania tí mo wà pààlà. Wọ́n ti ń ṣe irú ìwọ̀n yìí ní ilẹ̀ Faransé, Bertard àti àwọn ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọ̀wé nípa ẹ̀ lọ́dún 1970, nígbà tó di 1973 Kissell àti àwọn méjì míì ní U.S. Bureau of Mines, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kùsà nígbà yẹn, gbé ọ̀nà tiwọn jáde, pé kí wọ́n mọ iye gáàsì tó wà nínú èédú kí wọ́n tó rán èèyàn wọlé síbẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá rí kánísítà mo máa ń rántí pé torí kí ọmọ ọlọ́mọ lè padà wálé ni wọ́n ṣe ṣe é, torí ẹ̀ ni inú fi máa ń bí mi téèyàn bá fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Àwọn tá a kọ́kọ́ gbà wá yẹn fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Oṣù kejì ni, òtútù ń mú bí nǹkan míì, yìnyín bo gbogbo ibi tí rígì wà. Wọ́n sọ pé wọ́n á dé kí core tó gbéra nísàlẹ̀, core ti dé orí tábìlì kí tírélà wọn tó wọlé. Ìyẹn nìkan tó láti ba nǹkan jẹ́, àmọ́ kò parí síbẹ̀, wọn ò tíì tan iná omi gbígbóná wọn! Omi tútù ni wọ́n gbé kánísítà sí, wọ́n ní á gbóná tó bá yá. Ọmọkùnrin Yorùbá kan wà tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, ó rọra fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe àwọn ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ yìí lẹ sọ pé a máa fi ṣírò èyí tó sá lọ ni?” Mo ní òun ni. Ó ní “Tó bá wá tutù báyìí ńkọ́?” Ọmọ tí ò tíì lo oṣù mẹ́ta lórí rígì ti rí i, àwọn tó ń gbowó iṣẹ́ ò rí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Òkúta tó tutù kì í tètè tú gáàsì sílẹ̀, nítorí náà àwọn ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ kéré ju bó ṣe yẹ lọ, lẹ́yìn náà omi wá gbóná, gáàsì rọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan, ìlà tó yẹ kó tò tantan wá tẹ̀ kọrọdọ bí ìdí ìgbín. Tẹ́ ẹ bá fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ padà sẹ́yìn, kò sí ibi tí ò lè já sí. Wọn ò tún kọ aago tí core kúrò nísàlẹ̀ sílẹ̀, èmi ni mo lọ wá a nínú ìwé rígì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta a rí i pé ọ̀kan lára kánísítà wọn ń jò lẹ́nu fáfù, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ di òfo. Ẹ wá wo rípọ́ọ̀tì tí wọ́n kó wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó rẹwà, páálí ẹ̀ ń dán, àwòrán aláwọ̀ mèremère wà nínú ẹ̀, àmọ́ ìwọ̀n tí wọ́n kà lórí fíìdì gan-an kò sí níbẹ̀, àpapọ̀ lásán ni. Nígbà tí mo bèèrè wọ́n ní ti ilé-iṣẹ́ àwọn nìyẹn.

Lọ́jà, gàrí kan náà ni gbogbo wọn ń tà, àmọ́ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí ẹ̀ wọlé yàtọ̀ sí èyí tó péye, ẹ ò sì ní mọ̀ tẹ́ ò bá yí kóńgò yẹn dé. Nínú iṣẹ́ yìí, aago àti ooru ni ìdí kóńgò. Ìwé ìwọ̀n orí fíìdì lẹ fi ń yí i dé. Ẹni tí ò bá fẹ́ kẹ́ ẹ rí i, ẹ máa sá fún un.

Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì wá. Ọdún kejì ni, kànga míì ni, ilé àyẹ̀wò kékeré kan ni wọ́n, àwọn mẹ́ta péré ló wá, obìnrin kan ló ṣáájú wọn. Ó ti dé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó tó jókòó ó ti lọ bá driller, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ kànga, ó bi í bó ṣe máa yára fà á tó, ó bá ẹni tó ń bójú tó omi ẹrẹ̀ sọ̀rọ̀, ó bèèrè ooru abẹ́ kànga lọ́wọ́ mi, ó wá yí aago ọwọ́ ẹ̀ àti kọ̀ǹpútà ẹ̀ kó bá aago rígì mu. Mo dúró mò ń wò ó, inú mi dùn. Gbogbo kánísítà wọn, wọ́n ti fi gáàsì helium kún un mọ́jú láti wò ó bóyá ìkankan ń jò, tó bá di àárọ̀ wọ́n tún fi omi ọṣẹ pa ẹnu fáfù kọ̀ọ̀kan, tó bá hó wọ́n á yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi gbígbóná ti wà ní ooru tó yẹ kí core tó dé agbede méjì. Nígbà tí wọ́n ṣí páìpù core, mo fi aago tèmi náà kà á, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni kánísítà àkọ́kọ́ fi dé inú omi.

Ohun tí mo tún fẹ́ràn ni pé ooru inú tírélà wọn ò yí padà lọ́nà àìmọ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà gbogbo tí wọ́n bá ka gáàsì, wọ́n sì ń kọ òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ tó, náà sílẹ̀, torí gáàsì tẹ́ ẹ kà ní àárọ̀ tútù àti èyí tẹ́ ẹ kà ní ọ̀sán kì í ṣe ohun kan náà, wọ́n gbọ́dọ̀ yí gbogbo ẹ̀ padà sí 60 Fahrenheit àti 14.7 psi kó tó ṣeé fi wéra. Àyè òfìfo tó wà lókè òkúta nínú kánísítà náà, wọ́n fi omi kún un kí afẹ́fẹ́ àdúgbò má dàrú mọ́ gáàsì wa. Wọ́n gba gáàsì díẹ̀ sínú ìgò kékeré fún àyẹ̀wò ohun tó wà nínú ẹ̀, nígbà tí òkúta sì parí wọ́n gbẹ ẹ́ dáadáa kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, torí ẹrẹ̀ tó bá ṣẹ́kù lára ẹ̀ ń fi kún ìwúwo, ó sì ń jẹ́ kí gáàsì dà bíi pé ó kéré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rò pé kí ló fa gbogbo ariwo yìí, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ilẹ̀ yín jẹ́ 640 éékà, ìyẹn máìlì kan níbùú lóròó, shale tó dáa níbẹ̀ nípọn tó 100 fíìtì, ìwúwo òkúta jẹ́ gíráàmù 2.5 nínú kúbíìkì sẹ̀ntímítà kan. Ẹ ó fi 1359.7, nọ́ńbà tó ń yí gbogbo ẹ̀ padà sí tọ́ọ̀nù, lọ́po éékà, ẹ fi fíìtì lọ́po ẹ̀, ẹ fi ìwúwo lọ́po ẹ̀, ẹ wá fi iye gáàsì nínú tọ́ọ̀nù kan lọ́po gbogbo ẹ̀. Tí ilé àyẹ̀wò bá sọ pé 60 kúbíìkì fíìtì ló wà nínú tọ́ọ̀nù kan, ẹ ní bílíọ̀nù kúbíìkì fíìtì 13. Tó bá jẹ́ 80 ni òótọ́ ibẹ̀, bílíọ̀nù 17.4 ni. Ẹ wò ó, torí pé ẹnìkan ò tan iná omi lásìkò, bílíọ̀nù kúbíìkì fíìtì mẹ́rin ó lé ti pòórá lórí bébà, wọ́n sì lè torí ẹ̀ sọ pé ibẹ̀ ò dáa kí wọ́n kó rígì lọ síbòmíì.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ìwọ̀n kéré ju òtítọ́ lọ. Ní Barnett, òkúta shale míì ní Texas, kámpáńnì Mitchell Energy ti gbẹ́ kànga C.W. Slay láti 1981, wọ́n ń bá a yí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Kent Bowker àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tún gáàsì inú òkúta wọ̀n látọ̀tun, wọ́n rí i pé ó pọ̀ ju bí wọ́n ṣe gbà á tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po, ìyẹn wà lára ohun tó fún wọn lókun láti tẹ̀síwájú ní àsìkò kan náà tí omi lílò láti fi la òkúta ń mú èso wá. Ọdún 2002 ni kámpáńnì Devon ra Mitchell.

Mo fẹ́ sọ èyí náà kó má bàa di pé mo ń polówó ohun tí ò yẹ ibi gbogbo. Tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní Haynesville, òkúta shale míì lẹ́bàá ààlà Texas àti Louisiana, níbi tí shale jìn tó 10,500 sí 13,500 fíìtì, tí ooru sì ti kọjá 300 Fahrenheit, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kánísítà nìkan. Ibẹ̀ gbóná, ẹrù orí ẹ̀ pọ̀ gan-an, èyí tó wà lófìfo ló pọ̀ jù nínú gáàsì ẹ̀, kí core tó dókè èyí tó ti sá lọ á ti pọ̀ ju èyí tẹ́ ẹ wọ̀n lọ, fífa ìlà padà sẹ́yìn wá dà bíi kéèyàn máa ṣírò omi tó ti jò nínú ajere. Níbẹ̀ ẹ wọn ihò inú òkúta àti omi tó wà nínú ẹ̀, ẹ fi ṣírò gáàsì òfìfo, ẹ wá fi ìlà Langmuir, ìyẹn ìlà tó ń fi hàn bí iye gáàsì tó lè lẹ̀ mọ́ òkúta ṣe ń pọ̀ sí i bí ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i, mọ iye tó lè lẹ̀, kẹ́ ẹ kó méjèèjì pọ̀. Obìnrin yẹn fúnra ẹ̀ ló sọ fún wa nígbà tí ọ̀gá mi bèèrè bóyá wọ́n lè bá wa ṣe é níbẹ̀, ó ní àwọn lè ṣe é àmọ́ kí ọ̀gá má fi kánísítà nìkan pinnu. Iṣẹ́ tó yẹ kó gbà, tó máa mówó wọlé fún un, ó sọ òtítọ́ nípa ẹ̀. Ìyẹn wọ̀ mí lọ́kàn.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, ẹ jẹ́ n sọ ìdí. Àkọ́kọ́, owó wọn ga ju ti àwọn tá a kọ́kọ́ lò lọ dáadáa, mi ò sọ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ní kànga kan ṣoṣo máa mọ̀ ọ́n lára. Èkejì, òkúta méjì péré ni wọ́n lọ̀ nínú mẹ́jọ láti wọn èyí tó há, ó sì yẹ kí wọ́n lọ gbogbo ẹ̀ torí shale máa ń di gáàsì mú pinpin, ìgbà tá a pè wọ́n ni wọ́n tó lọ àwọn tó kù. Rípọ́ọ̀tì ìkẹyìn náà pẹ́ ju ìgbà tí wọ́n dá lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n pè wá sọ fún wa ṣáájú, wọ́n ní àyẹ̀wò carbon inú gáàsì ló ń fà á sẹ́yìn, mo gbà, síbẹ̀ ìpàdé wa ti kọjá.

Àmọ́ rípọ́ọ̀tì yẹn, ìgbà tó dé, gbogbo ìwọ̀n tí wọ́n kà lórí fíìdì ló wà nínú ẹ̀, ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú, ooru, òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́, ìgbà tí core kúrò nísàlẹ̀, ìgbà tó dókè, ìgbà tí wọ́n tì í. Mo jókòó mo tún ìlà yẹn fà fúnra mi lórí kọ̀ǹpútà, mo fi ọ̀nà mìíràn gbìyànjú ẹ̀, ohun tí mo rí sún mọ́ tiwọn pẹ́kípẹ́kí. Fún òkúta kan tí ìlà ẹ̀ ò tò dáadáa wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé èyí ò dá àwọn lójú, kí a má fi ṣèpinnu. Ẹ bèèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan, kí wọ́n fi ti iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe rí hàn yín tí wọ́n ti pa orúkọ oníṣẹ́ rẹ́ lára ẹ̀. A ti ní kànga tuntun tá a máa gé core nínú ẹ̀ tí yìnyín bá ti yọ́, àwọn la tún pè, a sì ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé gbogbo òkúta ni wọ́n máa lọ̀.